Ilé Ni, tàbí Ilẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ti Ń Kọ Èdè Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé orí àmì tí kò tóbi ju ẹsẹ̀ èèrà lọ ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó tú ẹbí ká, nítorí náà n kò lè dákẹ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìbátan mi kan pe ìpàdé ẹbí lórí ìwé pélébé kan tí bàbá wọn àgbà fi sílẹ̀ fún wọn. Akọ̀wé kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ni ó kọ ọ́, àwọn àgbà mẹ́ta sì tẹ̀ka sí i. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: “A fun un ni ile ti o wa leti odo.” Kò sí àmì kan lórí lẹ́tà, kò sì sí ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí kà á pé ilé ni a fún ọkùnrin náà, ilé alámọ̀ tí ó ti wó lulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn yòókù kà á pé ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí ó tẹ́ rẹrẹ láti etí odò dé ojú títì. Àwọn tí ó tẹ̀ka ti re ibi àgbà ń rè, akọ̀wé náà sì ti tẹ̀lé wọn. Odò nìkan ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí, odò kò sì ní ẹnu. Títí di ọjọ́ tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ bàbá kan náà kò jọ jẹun pọ̀ mọ́.

Kí ni ìbá ti pa ìjà yìí lẹ́nu mọ́? Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ìkẹyìn ni. Kò ní gba akọ̀wé náà ní àkókò tí ènìyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó rò nínú ara rẹ̀ pé Yorùbá ṣáà ni, ta ni yóò kà á tí kò ní yé? Ìrònú yìí gan-an ni àrùn tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkùnrin yìí kan náà, bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, yóò fa ìwé náà ya, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má ba à fi í ṣẹ̀sín. Ojú èdè ìyá rẹ̀ nìkan ni kò tì í.

Bí a bá jáde sí ìgboro, a ó rí i pé ọ̀ràn náà ti di ti gbogbo ìlú. Ẹ wo àwọn pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ wo káàdì ìgbéyàwó, ẹ wo ìwé ìkéde òkú, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù. Mo gba ìwé ìpè kan rí sí ayẹyẹ ìwúyè, tí a tẹ̀ sórí páálí dídán, tí a sì fi àwọ̀ wúrà ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Olori yoo ki awon alejo kaabo.” Olórí ẹgbẹ́ tí ó ṣe ètò náà ni, tàbí Olorì, aya ọba? Títí a fi jókòó sí ibi ayẹyẹ náà, a kò mọ ẹni tí a ó múra láti kí. Àwọ̀ wúrà pọ̀ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí àmì kan ṣoṣo rà sí i.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ yìí, “igba.” Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, ó lè jẹ́ igba tí a ń kà lówó, ó lè jẹ́ ìgbà tí ó ń kọjá lọ, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, ó sì lè jẹ́ igbà tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ìlú Ọ̀wọ̀ pàápàá, bí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sórí pátákó láìsí àmì, àjèjì tí ó ń kọjá lè kà á sí owó tí a ń ná ní ọjà. Ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti yọ apá kan kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ lẹ́tà kúrò nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti gírámà náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ pé, “O gba owo naa,” ta ni ó gba owó? “O” tí kò ní àmì, ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni. “Ó” tí ó ní àmì òkè, ẹlòmíràn ni. Ẹ gbé gbólóhùn yìí sí ẹnu ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́, ẹ ó rí i bí ó ti lè di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀. A ń rí “ó sọ wípé” níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni sísọ àti wíwí, ọ̀kan náà ni, ẹni tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Ó sọ pé” tó. Bí ó bá sì wù wá, kí a kọ “ó wí pé,” ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó dá dúró. A ń rí i tí wọ́n ń gé “fún un” kù sí “fun,” tí ẹni tí a fún ní nǹkan sì pòórá kúrò nínú gbólóhùn. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ti ń sọ pé “ó kò lọ,” ohun tí a kì í gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí létí. “Ó lọ” ni a ń wí, “kò lọ” ni a ń wí. “Wọ́n lọ” ni, “wọn kò lọ” ni. Àwọn ìlànà wọ̀nyí ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí ìwé tó dé.

Kò sí ẹni tí ó lè ṣe àwáwí pé èdè wa kò ní òfin ìkọ̀wé. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, àwọn olùkọ́ni ìjọ pé jọ ní Èkó láti fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà, odindi Bíbélì sì wà ní èdè wa ní 1884. Nígbà tí ó yá, a rí i pé àtúnṣe yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà yan ìgbìmọ̀ ní 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní ní 1974. Òun ni ó sọ “aiye” di “ayé,” tí ó sọ “enia” di “ènìyàn,” tí ó sọ “nwọn” di “wọ́n,” tí ó sì sọ “yio” di “yóò.”

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò bá àgbàlagbà tí ó ṣì ń kọ “aiye” jà. Òfin kan ni ó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń pa á mọ́. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó kọ “aye” láìsí àmì, tí a kò mọ̀ bóyá ayé ni ó ń wí, tàbí àyè. Òun kò tẹ̀lé òfin àtijọ́, kò tẹ̀lé ti ìsinsìnyí.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn baba wa pàápàá kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ púpọ̀, pé bí a bá wo àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, bí Akéde Èkó tí I. B. Thomas ń tẹ̀ láti 1928, díẹ̀ ni àmì tí a ó rí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn sì kà wọ́n ní àkàyé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kà wọ́n nígbà náà? Ẹni tí a bí sí agbo Yorùbá ni, tí ó gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá rẹ̀, tí ó gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Etí rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí ojú rẹ̀ tó rí i, ìwé kàn wá rán an létí ni. Lónìí, ọmọ wa wà ní Èkó tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ní òwúrọ̀, tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá wí ní alẹ́. Ọmọ wa wà ní London àti ní Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ pé ojú ìwé àti ojú fóònù nìkan ni ó ti ń bá èdè bàbá rẹ̀ pàdé. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwé ti di olùkọ́. Bí olùkọ́ bá dákẹ́ ohùn, kí ni ọmọ yóò kọ́? Nítorí náà, ohun tí ó tó fún àwọn baba wa kò tó fún àwa.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀rọ ni kò gbà wá láyè. Àwáwí yìí ti gbó. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú èyí tí Google ṣe fún fóònù, ó sì wà fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ọmọdé tí ó mọ bí a ti ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ kò lè sọ pé òun kò mọ bí a ti ń fi àmì sórí lẹ́tà.

Àwọn kan yóò sì wí pé èdè a máa dàgbà, kí a jẹ́ kí ó máa yí padà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A ti gba bírẹ́dì, a ti gba mọ́tò, a ti gba fóònù, gbogbo wọn sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń dàgbà a máa ní okun sí i ni. Èdè tí a kò fi lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ilé àti ilẹ̀ nínú ìwé ti ń pàdánù ohun tí ó ní tẹ́lẹ̀.

Kí ni a ó wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí olúkúlùkù wa bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ rẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ayọ̀kúnlé ni bàbá sọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé ayọ̀ kún ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí a bá kọ ọ́ ní “Ayokunle,” ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọmọ ayò ni ó kún inú ilé. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ìwé Yorùbá kankan má ṣe jáde láti ààfin tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìlú kí ẹni tí ó mọ àkọtọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí lọ́yà ti ń yẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí atẹ̀wé tàbí ẹni tí ń kun pátákó bá gbé iṣẹ́ aláìlámìí wá fún wa, kí a dá a padà kí a tó sanwó. Nígbà tí ó bá kan owó, yóò kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ lọ ṣí àpótí yín. Bí ẹ bá rí ìwé ẹbí tí kò ní àmì, tí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìwé àtijọ́ náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun tí a fi àmì sí bí ó ti yẹ, kí a kà á sókè ní etí gbogbo ẹbí, kí àwọn àgbà sì fọwọ́ sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹlẹ́rìí ṣì ní ẹnu, kí ó má ba à di odò nìkan ni ẹ ó máa bi léèrè.