Jẹjẹrẹ Pààrọ̀ Àgádágodo, Ó Yẹ Kí Ṣágámù Náà Rọ Kọ́kọ́rọ́

Láti ọwọ́ Ọmọ Rẹ́mọ

Ní ọdún 2003, ilé ìwòsàn Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ Novartis ló ń pèsè rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ló ṣáájú ìtọ́jú náà. Ẹni tí ikú ti ń wò lójú tún rí ara gbé ṣiṣẹ́.

Àmọ́ jẹjẹrẹ ń paradà. Kọ́kọ́rọ́ ni imatinib. Ihò kan lára purotéènì BCR-ABL, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa bí sí i láìdábọ̀, ló ń wọ̀. Nígbà míì, èròjà kan ṣoṣo á yí padà ní ipò 315 nínú purotéènì náà: threonine á kúrò, isoleucine tó gba àyè jù ú lọ á jókòó síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò ní wọlé mọ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì wá ṣe ponatinib, tí agbedeméjì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti gba ẹ̀gbẹ́ isoleucine kọjá. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2012. Ihò mìíràn pátápátá ni oògùn asciminib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021, ń gbà wọlé ní tirẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí imatinib kò ràn mọ́ ló fi ìyípadà ipò 315 yẹn han àwọn onímọ̀. Nítorí náà, ibi tí aláìsàn àti onímọ̀ oògùn bá ti sún mọ́ra ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé. Ní Ṣágámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé ìwòsàn Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ àti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn apòògùn wà nínú ìlú kan náà. Fásitì Babcock ní Ìlíṣàn kò jìnnà. Ohun tó kù ni láàbù tó lè ka àbùdá jẹjẹrẹ, fìríìsà tí iná rẹ̀ kì í kú, àti owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èròjà oògùn tuntun.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ́kọ́ wá owó ìtọ́jú fún aláìní. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Àyẹ̀wò tó ń fi ihò tuntun han onímọ̀ kẹ́mísìrì náà ló ń sọ fún dókítà pé oògùn báyìí kò ní ràn, kí aláìsàn má náwó sí i.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi owó láàbù yìí sínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀. Ẹni tí oògùn kò ràn mọ́ kò ní ọjọ́ tí yóò fi ṣòfò.