Àbọ̀ Ìwádìí Oputa: Ta Ni Ìjọba Ń Fi Í Pamọ́ Fún?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, láti tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò lórí ìwà ìkà tí wọ́n hù sí ará ìlú. Ìwé ẹ̀sùn bí 10,000 ni ó wọlé. Bí 150 péré ni wọ́n ráyè gbọ́ ní gbangba. Tẹlifíṣàn gbé e káàkiri. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, àbọ̀ ìwádìí náà dé ọwọ́ Ààrẹ. Ibẹ̀ ni ó sùn sí.

Ẹjọ́ ni àwáwí wọn. Ọ̀gágun Babangida, tí ìgbìmọ̀ pè tí kò yọjú, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin ilẹ̀ wa kò fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dára. Ṣùgbọ́n agbára láti fi túláàsì pe ẹlẹ́rìí lọ́tọ̀, títẹ ìwé tí a ti kọ parí lọ́tọ̀. Èwo ni ti ẹ̀rí àwọn tí wọ́n fínnúfíndọ̀ wá sọ tẹnu wọn?

Àwọn mìíràn ní egbò yóò tún ṣí. Egbò wo ni ó ti san?

Ní ọdún 2005, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Amẹ́ríkà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Síbẹ̀ ìjọba ń ṣe bí ẹni pé àṣírí ni. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ìwé tí ìjọba kò fọwọ́ sí kò lè mú kí ìjọba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó kankan, kò sì lè mú un san owó gbà-má-bínú.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba láìsọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn. Òfin náà kò tilẹ̀ gbà pé òǹtẹ̀ àṣírí nìkan tó láti fi ìwé du ará ìlú. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ ANC tí ń ṣèjọba sáré lọ sí kóòtù ní ọdún 1998 kí àbọ̀ ìgbìmọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Tutu má baà jáde. Wọ́n fìdí rẹmi, ìwé jáde, ìlú kò sì wó.

Adájọ́ Oputa jáde láyé ní ọdún 2014. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn náà ń darúgbó lọ. Kí ìjọba àpapọ̀ tẹ àbọ̀ náà bí ó ti wà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, Kàdúná àti Enugu, níbi tí ọmọ ẹni tí wọ́n pa ti lè wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì kà á.