Ta Ni Yóò Bi Ẹni Tí Olè Jà Léèrè?

Nígbà tí olè bá jà, ọ̀rọ̀ olè nìkan ni ó máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọlọ́pàá a wá olè, adájọ́ a gbọ́ ẹjọ́ olè, ìjọba a sì bọ́ olè lẹ́wọ̀n. Ẹni tí olè jà ńkọ́?

Nítorí èyí ni a ṣe ń yin àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wádìí ọ̀ràn ẹni tí a ṣẹ̀. Ní ọdún 1948, Hans von Hentig, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tí ó kúrò ní ìlú rẹ̀ nígbà ìjọba Hitler, tẹ ìwé jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀daràn àti ẹni tí ọ̀daràn ṣe níbi. Ní ọdún 1966, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà bèèrè ohun tí ojú onílé rí ní nǹkan bí 10,000 ilé. Wọ́n rí i pé ìwà ọ̀daràn pọ̀ fíìfíì ju èyí tí ó wà nínú ìwé ọlọ́pàá lọ. Láti ọdún 1973 ni wọ́n sì ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ìparí ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé nínú 100 ìdílé tí olè fọ́ ilé wọn, bí 36 péré ni ó fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kò dé àgọ́ ọlọ́pàá, báwo ni yóò ṣe dé iwájú adájọ́?

Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìjọba tí ó ń ka ìwé ọlọ́pàá nìkan, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tí orí rẹ̀ pé bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe wí fún un pé iṣẹ́ lọ́yà àti dókítà nìkan ni ó níyì. Kí àwọn Yunifásítì wa fi àyè gbà á, kí ìjọba sì máa ná owó sí ìwádìí náà lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹni yòówù tí ó bá wá tọrọ ìbò lórí ààbò ìlú, ẹ bi í pé: ta ni ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ìyà tí ó ń jẹ ará ìlú?