Ta Ló Ni Ọjọ́ Tó Ṣòfò?

Ìpinnu àwa ará Òrè àti Odígbó lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Àwa tí a jọ fẹnu kò sórí ìwé yìí ń gbé ní Òrè, ní Odígbó, ní Àjùé àti láwọn abúlé kòkó tó yí wọn ká. A ò sọ ẹgbẹ́ wa lórúkọ, torí orúkọ kì í tíì rinlẹ̀ tán tí ìjà ta-ni-alága á fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló pè wá jọ: ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú ládùúgbò wa ń dúró pẹ́ jù kó tó rí ìtọ́jú, ìdúró náà sì ń pa á.

Lọ́dún 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ láti Kánádà àti Bìrìtéènì kó jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin falẹ̀, ewu ikú aláìsàn ń fi ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn lé e, ewu náà tún ń gùn sókè. Ti oògùn kẹ́mò àti ti ìtọ́jú onítànṣán tún ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn jẹjẹrẹ kan. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í tó ẹlòmíì kówó àyẹ̀wò jọ.

Bí ẹ bá bi àwọn dókítà léèrè, wọ́n á ní aláìsàn ló pẹ́ kó tó wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé obìnrin tó fọwọ́ kan kókó lọ́yàn rẹ̀ ní abúlé. Ó fi han nọ́ọ̀sì. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tí kókó ò lọ, ó wá sí Òrè, wọ́n ní kó lọ ya fọ́tò, kó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn ó di Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà sínú ìgò, wọ́n sì gbé ìgò lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì dé, kò pé. Àyẹ̀wò kan ṣì kù tó máa sọ irú oògùn tó bá a mu, owó tún nìyẹn. Lọ́jọ́ tó wá dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ṣí káàdì tuntun fún un, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pẹ́ kó tó wá.

A ò gba ìṣirò yẹn. Ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera ni kí kíkà bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ní ibùdó ìlera tí kò ní iná. Gbogbo ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé e ló ní ẹni tó ni ín: ẹni tí kò kọ lẹ́tà tó máa rán aláìsàn lọ síwájú, ibi tí èsì sùn sí, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ẹbí tó ń ṣèpàdé. Kí wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀.

Gànì Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, kò sá fún dókítà. Síbẹ̀ àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún un ní Nàìjíríà. London ni wọ́n ti wá rí i lọ́dún 2007 pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó kú ní September 2009. Agbẹjọ́rò àgbà ni, ó lówó ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá tó ń ta iyán fáwọn èrò ọkọ̀ ní Òrè ńkọ́? Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti gbẹ̀mí rẹ̀ tán. Betty Anyanwu-Akérédolú, tó di ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ní jẹjẹrẹ ọyàn, ó gbàtọ́jú, ó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀ ní 1997. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà tó ṣì ń pariwo rẹ̀ kiri.

Gbogbo ọkọ̀ Èkó sí Bìní ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ẹ̀rọ ìtànṣán wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá lápá ọ̀tún wa àti lápá òsì: UCH ní Ìbàdàn, UBTH ní Bìní, LUTH ní Èkó tí wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun sí ní 2019. A ò bèèrè irú rẹ̀ fún Òrè. Owó gọbọi ni ẹ̀rọ náà, iná tí kì í ṣẹ́jú ló ń lò, àwọn onímọ̀ tó lè darí rẹ̀ kò sì pọ̀. Olóṣèlú tó bá ṣèlérí rẹ̀ fún wa, ìbò ló ń wá. Ohun tí a ń bèèrè kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹran kókó fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba Òrè, ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ìgò náà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gba aláìsàn níbi tí wọ́n ń rán an lọ. Ìtànṣán sì máa ń gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní ará ní Ìbàdàn, ibo ni yóò sùn? Kí ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó dáhùn ìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá sì dẹnu kọlẹ̀, kí wọ́n pe aláìsàn kó tó wọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu géètì ni yóò ti gbọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan fún aláìsàn jẹjẹrẹ tí kò lówó, ti ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti prostate. UCH àti UBTH wà lára ilé ìwòsàn mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó bá kọ lẹ́tà sọ ọ́ fún aláìsàn lójú ẹsẹ̀.

Ó wá kan àwa náà. Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń ní kí kòkó pọ́n ná, kí wọ́n tó sanwó iṣẹ́ abẹ. Láti ìsinsìnyí, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yóò máa yá aláìsàn jẹjẹrẹ lówó láìdúró de ìkórè, kí ó san án nígbà tí kòkó bá wọlé. Ẹ̀yin wòlíì àti ààfáà, ẹ máa gbàdúrà, àwa náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí aláìsàn pa ilé ìwòsàn tì kó wá gbààwẹ̀ ló ni àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Alágbo pẹ̀lú. Ọkọ tó ní òun fẹ́ ronú sí i, tìẹ náà wà níbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti ọjọ́ tí obìnrin bá ti kọ́kọ́ fi ọyàn rẹ̀ han òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é kí 60 ọjọ́ tó pé. Òfin tiwa náà nìyẹn, a ò ní dín in kù nítorí pé oko là ń gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 62 ọjọ́ ni wọ́n fún ilé ìwòsàn láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ìkánjú rán aláìsàn wá títí tí ìtọ́jú á fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti lé e bá, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń tẹ iye tí wọ́n kùnà jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyẹn gan-an la fẹ́ kọ́ lára wọn.

Nítorí náà a ti ra ìwé kan. Nínú rẹ̀ ni a ó máa kọ ọjọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá gbà fún wa, a ó sì máa kà á sókè ní ìpàdé ìlú. A ò ní dárúkọ aláìsàn. Ibi tí ọjọ́ ti ṣòfò la ó máa dárúkọ, àti iye ọjọ́ tó ṣòfò níbẹ̀.