Ìwé Àfetígbọ́ Lórí Fóònù: Kí Ni Yóò Kù Sí Olùgbọ́ Lọ́wọ́?

Ìwé àfetígbọ́ ni ìwé tí ẹnìkan ti kà sókè, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà dípò kí ó fi ojú kà á. Iye ìwé tó wà lórí áàpù kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń yàn án, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni èyí tí yóò kù sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí dátà bá tán tàbí tí owó oṣooṣù kò bá sí mọ́.

Audible, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, tí Amazon sì rà lọ́dún 2008, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ìwé tí ènìyàn bá rà níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ bí kò tilẹ̀ san owó oṣooṣù mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ètò kan dè é tí kì í jẹ́ kí fáìlì náà ṣí níbi tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá fọwọ́ sí. Ní ti àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Britain àti Amẹ́ríkà, ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ wọn ń sanwó fún ohun tí owó orí wọn ti san tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ní káàdì ilé-ìkàwé àdúgbò rẹ̀ lè fi áàpù Libby yá ìwé àfetígbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ilé-ìkàwé náà bá wà lára àwọn tó ń lò ó.

LibriVox, tí Hugh McGuire dá sílẹ̀ ní Montreal lọ́dún 2005, ló sàn jù fún ẹni tí dátà wọ́n fún. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ka ìwé níbẹ̀, ohùn wọn kò sì dọ́gba, nítorí pé òmíràn dùn létí, òmíràn sì ń kunni lóorun. Ṣùgbọ́n MP3, irú fáìlì ohùn tí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré pàápàá lè gbé jáde, ni wọ́n fi ń pín in, kò sì sí ẹni tó lè gbà á padà. Wákàtí kan nínú èyí tó fúyẹ́ kò ju nǹkan bíi MB 29 lọ, nítorí náà ìwé oníwákàtí mẹ́wàá kò tó MB 300.

Àlébù rẹ̀ ni pé ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí rẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tó gbajúmọ̀ kò sì tí ì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde, D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́ sì kú lọ́dún 1963. Bí òfin Nàìjíríà náà ṣe ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó di ọdún 2034 kí ẹnikẹ́ni tó lè kà á sórí ẹ̀rọ níbẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Ìdúró yìí pẹ́ jù, pàápàá fún èdè tí ọ̀pọ̀ ń sọ dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kà geere, tí ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ sì ń jáde láìní àmì ohùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu òǹkàwé tó mọṣẹ́ ni yóò fi gbogbo ohùn náà sí ipò wọn.

Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ìwé lè tà á lóhùn kí àkókò náà tó pé, ṣùgbọ́n àwọn kan yóò sọ pé bí fáìlì bá wà láìní ìdè, àwọn olè yóò dà á kọ. Ìwé títẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn adàwékọ, ẹni tó sanwó gan-an sì ni ìdè náà ń ni lára jù. Fún àwọn afọ́jú, kò tilẹ̀ sí ìdí láti dúró rárá: àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà wọ̀ lọ́dún 2017, ni a ṣe kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó wọn lè sọ ìwé di ohùn láìdúró de àṣẹ.

Kí àwọn ajogún òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé tó ni ẹ̀tọ́ ìwé Yorùbá wá òǹkàwé tó mọ ohùn èdè, kí wọ́n sì máa tà á ní MP3, ní náírà.