Ẹ̀yin Ọlọ́jà, Ẹ Jẹ́ Kí Awakọ̀ Rọra

 

Ọ̀rọ̀ gósílóò la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ lè ní, kí ló tún kù nínú gósílóò Èkó tí a kò tíì gbọ́? Lóòótọ́, títì ò dáa, ọkọ̀ sì pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ìjọba ló ni ìyẹn. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ni tiwa.

Bí ẹ bá háyà ọkọ̀ ní Mile 12, tí ẹ kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn, ta ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀? Ẹni tó lẹrù ni. Ẹnu àwọn kan nínú wa kì í sì í sinmi: "Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre! Ṣé ẹ ò rí àyè níwájú yẹn ni? Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò yẹn wọlé o!" Awakọ̀ tó ti wà nínú oòrùn láti Kétu dé Ọjọ́ta, tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀, tó tún ń gbọ́ irú èyí létí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Á fi imú ọkọ̀ gún ìdí ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ọlọ́jà. Ọkọ̀ kan tí ẹ bá yọ̀ǹda fún kó wọlé níwájú yín, àyè ọkọ̀ kan péré ló gbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjì bá pàdé, tí kálukú ní òun ò gbà fún ẹnì kejì, ọkọ̀ méjèèjì á há síra wọn. Bọ́ńpà á ha bọ́ńpà. Awakọ̀ méjèèjì á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á di ara wọn lẹ́wù mú, kọ̀ndọ́ á dá sí i, àgbèrò á yọjú. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn dúró gbagidi nìyẹn. Ẹni tó ń sáré kí tòmátì má baà rà ti wá jókòó ti tòmátì nínú oòrùn. Tó bá wá jẹ́ orí afárá Third Mainland ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, ibo lẹ fẹ́ yà sí? Inú ọ̀sà?

Ẹ tún wo apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀. Awakọ̀ tó ń já ọkọ̀ gbà lójijì, tó tún ń tẹ bíréèkì lójijì, apẹ̀rẹ̀ òkè ló ń dà lé tìsàlẹ̀. Ẹ̀yin alátòómátì mọ bí omi pupa ṣe máa ń ṣàn nílẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ já ẹrù. Ẹ̀yin ẹlẹ́yin náà ò nílò àlàyé: ẹyin 30 ló wà nínú kéréètì kan, bíréèkì burúkú kan ò sì ní fọ́ ẹyọ kan péré. Irú ìwakùwà bẹ́ẹ̀ tún máa ń jẹ epo, epo tó sì ti gbówó lórí láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀, orí owó ọkọ̀ yín ló ń padà sí.

Ti wọ́ọ̀nù-wéè ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi owó díẹ̀ kún un fún awakọ̀ pé kó bá àwọn gbabẹ̀. Ẹ yé e ṣe é. Lábẹ́ òfin ìrìnnà Èkó ti 2018, ìjọba lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ti lu púpọ̀ ní gbànjo. Bí LASTMA bá fa ọkọ̀ lọ, ẹrù yín wà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà BRT náà, tó ti wà láti 2008 láti Mile 12 lọ sí CMS, bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ló wà fún, kò sí fún ata.

Ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ yín já wọ iwájú tánkà. Ọkọ̀ tó ru epo ò lè dúró lójú ẹsẹ̀. Ní June 28, 2018, tánkà kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ gbiná lẹ́bàá afárá Otedola. Ọkọ̀ tó jóná lé ní 50, ẹ̀mí sì lọ.

Ọmọ ẹnì kan náà ni awakọ̀ yín. Ẹ ra omi tútù fún un. Ẹ sì sanwó omi náà kí iná tó dá ọkọ̀ sílẹ̀ o, nítorí ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nítorí owó omi, ọmọ ọlọ́jà bíi tiwa ni. Bí ẹnì kan bá yọ̀ǹda ọ̀nà fún yín, ẹ na ọwọ́ síta, ẹ ní "ẹ ṣé o". Kò náni ní kọ́bọ̀.

Àbá wa ni pé kí a máa dúnàádúrà owó ọkọ̀ parí kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹnikẹ́ni má sì fi owó kún un nítorí eré sísá. Ẹni tó bá fẹ́ tètè dé, kó tètè jí. A ti ní kí àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù wa wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní àbá mìíràn, kó mú un wá, ká jọ gbọ́ tẹnu àwọn náà.