Ọwọ́ Ènìyàn Ni Kọ́kọ́rọ́ Omi Wà

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ní etí Odò Ògùn, láti Abẹ́òkúta títí dé Akúté àti Ìṣẹrí, òwe náà ti yí padà: ẹlòmíràn ni ó ń da omi, àgbẹ̀ ni ó ń tẹ ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kì í ṣe òjò nìkan ni ó yẹ kí a máa bá wí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dáàmù, ní òkè Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán tí wọ́n sé yìí, inú Odò Ògùn ni ó ń ṣàn sí. Ìsédò náà lè gba bílíọ̀nù 270 lítà omi. Ẹni tí ó bá ní àgbá onílítà 200 lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kí ó mọ̀ pé omi yìí yóò kún irú àgbá bẹ́ẹ̀ tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ.

A kò wí pé kí wọ́n wó o. Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu nínú omi rẹ̀. Bí òjò bá sì pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, dandan ni kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé bí ìsédò bá ya, ikú ni. Ó ṣojú gbogbo wa bí ìsédò Alau ti ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tí omi sì bo Maiduguri. Ohun tí a ń sọ ni pé, ilẹ̀kùn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, kò tọ́ kí a pe ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ní àmúwá Ọlọ́run. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi Ọ̀yán sílẹ̀, ó wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ìṣẹrí àti ní Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá.

Nígbà tí omi bá fà tán ni ìyà gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí omi dúró lé lórí fún ọjọ́ mélòó kan a jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti ilá àkùrọ̀ a di ẹrẹ̀. Omi kànga a bàjẹ́, ìgbẹ́ gbuuru a sì wọ ilé. Nígbà náà ni ọkọ̀ yóò dé, tòun ti ìrẹsì, ẹní àti ayàwòrán. Ìrẹsì a tán. Gbèsè tí àgbẹ̀ jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní tán.

Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn àgbẹ̀ etí Odò Benue ní òkè ọya ti rí jù wá lọ. Cameroon parí ìsédò Lagdo ní 1982. Ètò sì wà pé kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní ilẹ̀ Adamawa, kí ó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Omi ọdún 2012 dé, a kò tíì kọ́ ọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, ènìyàn 363 kú, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì sá kúrò nílé. Omi ọdún 2022 dé, a kò tíì kọ́ ọ. Àwọn tí ó kú lé ní 600. Òjò ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ìlérí tí a kò mú ṣẹ pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ àjọ tí ó ń ṣàkóso ẹkùn Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, àti lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Owódé. Èkíní, bí wọ́n bá fẹ́ tú omi sílẹ̀, kí wọ́n kéde ọjọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, lórí rédíò, ní mọ́sáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́nu àwọn baálẹ̀, kí àgbẹ̀ lè ráyè wú ẹ̀gẹ́ tí ó ti gbó. Ìwé òyìnbó tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Àbújá kò lè gba ẹ̀gẹ́ là. Èkejì, kí orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n oko rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí òjò tó dé, kí ẹni tí kò lóko má baà gba owó olóko. Ẹ̀kẹta, kí ìrànlọ́wọ́ jẹ́ irúgbìn àti igi ẹ̀gẹ́, kí ó sì dé nígbà tí ilẹ̀ àkùrọ̀ ṣì tutù.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: àwa náà ní ẹ̀bi. Ẹni tí ó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ní Ajùwọ̀n, àti ẹni tí ó ń ta àbàtà fún àlejò láti kọ́lé sí, kò ní ẹnu tí yóò fi bá ìjọba wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Kí a má sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti bírò lọ sí etí odò, kí ó kọ orúkọ olóko, ohun tí ó gbìn àti ibi tí omi dé lọ́dún tí ó kọjá. Ní ọjọ́ tí a bá kó ìwé náà síwájú àwọn tí kọ́kọ́rọ́ omi wà lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tí yóò lè wí pé òun kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò.

Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́,
Ajùwọ̀n.